KÒKÒRÒ ÀJÈJÌ ÀTI ÈRÈ TÓ WÀ NÍNÚ DÍDÁÀBÒ BO OHUN Ọ̀GBÌN

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ oko. Ìdáhùn wa ni pé ohun tó bá kan arísìkí Mùsùlùmí, ó kan ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í fi ọkàn balẹ̀ kírun, ẹni tí kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ kò lè yọ sàká.

Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ èrè iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun tí a tà ni a máa ń kà. A ó ka àpò gààrí, a ó ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ohun tí kòkòrò kò rí jẹ kì í wọ inú ìṣirò wa, nítorí kò sí ẹni tó rí i lọ́jà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè ńlá máa ń fara pamọ́ sí. A fẹ́ fi ìtàn ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí ẹni tó ń gbé Ìfọ̀.

ẸGẸ́ LÁÀÁRÍN WA

Ẹni tó bá ń gba títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá lónìí lè rò pé ilé nìkan ló kù ní Mówè àti Ìbafò. Lóòótọ́ ni ilé ti gba ọ̀pọ̀ oko. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì náà ní 1978 ni ilé ti ń lé oko wọ inú igbó lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yà kúrò lẹ́bàá títì, tí ẹ forí lé ọ̀nà Ọ̀fàdà, ẹ ó ṣì rí oko ìrẹsì, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́. Ní apá Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, láfún àti fùfú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá sọ pé òun kò mọ láfún, ó yẹ ká bi í léèrè agboolé rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́, tó ń rẹ ẹ́ sómi, tó ń yan gààrí, tó sì ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà Èkó, àwọn ló bí púpọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí. Owó ilé-ìwé wa ti inú ẹ̀gẹ́ jáde.

Nítorí náà, tí nǹkan bá ṣe ẹ̀gẹ́, kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló ṣe. Ó ṣe ẹni tó ń ra gààrí ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, ó ṣe awakọ̀ tó ń kó o, ó ṣe ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ó sì ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu gààrí kó tó lọ ka ìwé rẹ̀ lálẹ́.

BÍ KÒKÒRÒ NÁÀ ṢE WỌLÉ

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Nígbà tó ń bọ̀, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń bá a jà nílé rẹ̀ kò bá a wá, ìyẹn ló fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́dọ̀ wa fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville ní ilẹ̀ Kóńgò, àwọn àgbẹ̀ rí ohun tí bàbá wọn kò rí rí. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan bo ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbọn ìyẹ̀fun lé e lórí. Kòkòrò ni. Àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ ní 1977, Phenacoccus manihoti. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà fún gbíngbìn ló bá wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nígbà tó di 1979, ó ti dé Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ wo irú ẹ̀dá tó jẹ́. Kò nílò akọ. Abo ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yé ẹyin tó tó irinwó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgùn. Ẹyọ kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ gbé bọ́ sínú oko ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Tí òjò bá ń rọ̀, omi a máa fọ púpọ̀ nínú wọn dànù, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ìgbà yẹn ni ọjà tiwọn. Wọn a máa fa omi inú ọ̀mùnú mu. Ewé a ká kò, oríkèé igi a súnmọ́ ara wọn, orí igi a wá ṣù jọ bí ìdì. Níkẹyìn ewé a já tán, igi a dúró ní ìhòòhò, ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀ kò sì ní lè tóbi mọ́. Ní àwọn oko tó burú jù, tí àgbẹ̀ bá yẹ kó rí ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ ogún péré ni yóò rí wà.

Àdánù náà kò mọ sí ti ọdún kan. Igi ẹ̀gẹ́ la fi ń gbin ẹ̀gẹ́. Igi tó ti ṣù, tó ti gbẹ, kò ṣeé gé gbìn. Ẹni tí kòkòrò jẹ oko rẹ̀ lọ́dún yìí kò ní igi tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, àyàfi tó bá rà á. Tí gbogbo àdúgbò bá sì wà nínú ìṣòro kan náà, ta ni yóò tà á fún un? Bí oúnjẹ ṣe ń wọ́n nìyẹn láti ọdún kan dé èkejì.

AGBỌ́N TÍ KÌ Í TA ÈNÌYÀN

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra oògùn fún oko gbogbo ènìyàn láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Mòsáńbíìkì? Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ jẹ́ ẹni tí oko rẹ̀ kéré, owó ọwọ́ rẹ̀ sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́búlẹ́bú tó bo kòkòrò náà lára kì í tètè jẹ́ kí oògùn dé ara rẹ̀. Láfikún, ní ilẹ̀ Kóńgò, ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọbẹ̀. Ẹni tó bá fín oògùn sí i yóò fín in sínú ìkòkò ọbẹ̀ ara rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń jẹ́ Hans Rudolf Herren ronú gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní tí kòkòrò yìí kò bá ń pa ẹ̀gẹ́ run nílé rẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ jẹ́ ká wá ohun náà lọ.

Wíwá náà kò rọrùn. Ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ èyí gan-an. Wọ́n kó àwọn agbọ́n tó ń pa á, wọ́n fún wọn ní kòkòrò tiwa, wọ́n kọ̀ ọ́. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni wọ́n rí i pé kòkòrò méjèèjì kì í ṣe irú kan náà. Èyí tí wọ́n rí níbẹ̀ ní akọ, tiwa kò ní. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ní 1981 ni Anthony Bellotti, tó ń bá ilé-iṣẹ́ CIAT ti ilẹ̀ Kòlóńbíà ṣiṣẹ́, tó wá rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay. Agbọ́n kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mìlímítà méjì, tí à ń pè ní Anagyrus lopezi nínú ìwé lónìí.

Wọn kò kàn gbé agbọ́n náà sínú báàgì wá sí Nàìjíríà o. Ìlú London ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti sé e mọ́, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ohun búburú mìíràn tó bá a rìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú.

Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Yóò wá kòkòrò funfun náà rí, yóò yé ẹyin kan sí i nínú. Ọmọ tó bá pa nínú rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ láti inú wá títí tí yóò fi di èèpo gbígbẹ, agbọ́n tuntun yóò wá jáde, òun náà yóò sì wá tirẹ̀ lọ. Kì í ta ènìyàn, kì í fọwọ́ kan ẹran ọ̀sìn, kò ní iṣẹ́ kankan pẹ̀lú àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti tàn ká ilẹ̀ tó tó 200,000 kìlómítà níbùú-lóòró ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Kò sí àgbẹ̀ tó gbé e rìn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú já a sílẹ̀ láti ojú sánmà, nítorí pé ọ̀nà oko kò dára. Kòkòrò náà kò tán pátápátá, agbọ́n kò sì lè pa á tán, torí òun ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dín kù débi pé kò lè pa oko run mọ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ ó kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọn kò tíì bí nígbà náà. Gààrí tí wọ́n fi wẹ̀ wá dàgbà, agbọ́n yìí wà lára àwọn tó ṣọ́ ọ.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, Richard Norgaard, ṣírò rẹ̀ ní 1988. Ó ní dọ́là kan tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ yìí yóò mú dọ́là 149 wá fún Áfíríkà. Ní 2001, àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìṣirò náà ṣe fún orílẹ̀-èdè 27 fún ogójì ọdún, èrè tí wọ́n rí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òwò wo ni ọ̀dọ́ kan lè ṣe ní Mówè tí yóò fi náírà kan gba 149?

Bóyá àwọn kan yóò sọ pé ìṣirò àwọn òyìnbó nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìyá kan ní Ìfọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó fún un ní ogún àpò gààrí. Owó ilẹ̀, owó ebè kíkọ, owó oko ríro, owó igi ìdáná àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpò mẹ́rìnlá. Èrè rẹ̀ ku àpò mẹ́fà. Wàyí o, kòkòrò wá jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin oko náà. Àpò márùn-ún lọ. Ẹni tí kò ronú jinlẹ̀ yóò sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìyá náà pàdánù. Rárá o. Ẹni tó kọ ebè ti gba owó rẹ̀, onílẹ̀ ti gba tirẹ̀. Àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, mẹ́rìnlá ti lọ sórí ìnáwó, ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní owó yíyan àti ti ọkọ̀ dín kù díẹ̀, ṣebí èrè ọdún kan ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán yẹn. Tó bá jẹ́ pé ó yá owó ni, ó ti di onígbèsè. Ẹni tí à ń retí pé kó mú sàráà wá ti di ẹni tí à ń ṣe sàráà fún.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé orí èrè ni kòkòrò ti máa ń jẹun, kì í jẹ nínú ìnáwó. Ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò, èrè gan-an ló gbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máńgòrò jọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò funfun mìíràn tó ti ilẹ̀ Asia wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi igi máńgòrò mu ní Tógò, Gánà àti Benin. Gbogbo ewé á dúdú bí èédú nítorí èérí tó ń hù lórí omi dídùn tí kòkòrò ń yọ́. Àwọn ènìyàn gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn lulẹ̀. Ilẹ̀ India ni wọ́n ti mú agbọ́n tirẹ̀ wá, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bi àwọn tó ń gbin máńgòrò ní Benin léèrè, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002, èrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí jẹ́ dọ́là 328 lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba. Dọ́là kan tí wọ́n ná mú 145 wọlé. Ẹ wò ó bí ó ṣe súnmọ́ ti ẹ̀gẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn méjèèjì ni pé àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Òtòṣì àti olówó jọ jẹ ẹ́ ni. Agbọ́n kì í bèèrè oko ta ni èyí. Ohun tó sì bà wá nínú jẹ́ ni pé àwọn èèyàn wa kì í sọ̀rọ̀ irú rẹ̀. Tí ìjọba bá pín katakata, wọn a ya fọ́tò. Ta ni yóò ya fọ́tò kòkòrò tí kò wá?

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA FI KỌ́ WA

A mọ Hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Anas, tó fi yé wa pé tí Mùsùlùmí bá gbin nǹkan, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Ọ̀dọ́ kan tí orí rẹ̀ pé lè wá sọ pé: ṣebí tí kòkòrò bá jẹ ẹ́, sàráà náà ni, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtùnú àti ẹ̀san ni Hadiisi náà jẹ́ fún ẹni tó ṣe ipá tirẹ̀. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún ẹni tó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ànábì (SAW) kan náà ló kọ fífi dúkìá ṣòfò fún wa. Ẹni tó rí kòkòrò lórí ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lónìí, tó ní Ọlọ́hun yóò ṣe é, tó lọ sùn, dúkìá ló fi ń ṣòfò.

Ìtàn kan wà tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa dáadáa. Ní ọdún kejìdínlógún Híjíra, Sàyídínà Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú, èyí tí a mọ̀ sí àrùn Amwas. Ó gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́hun náà ni òun ń sá bọ́ sí. Ó wá fi àkàwé ẹni tó ń da ràkúnmí yé e: tí àfonífojì kan bá ní ẹ̀gbẹ́ méjì, tí ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀, tí èkejì gbẹ, ibi yòówù kó da ràkúnmí rẹ̀ sí, kádàrá ni, ṣùgbọ́n darandaran ní ojú tó fi ń yan èyí tó dára. Lẹ́yìn náà ni Abdurrahman ọmọ Awf dé, tó jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹni tó bá gbọ́ nípa àrùn ní ìlú kan má ṣe wọ ibẹ̀, kí ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ má ṣe sá jáde.

Àrùn ènìyàn ni Hadiisi náà sọ̀rọ̀ lé lórí, a kò sọ pé òfin kan náà ló de igi ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ hàn kedere: àrùn a máa rìn pẹ̀lú ẹni tó gbé e, dídá ẹsẹ̀ dúró sì lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ìlànà tí gbogbo àwọn olùmọ̀ òfin ẹ̀sìn gbà, pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìpalára kan ara wa, a kò sì gbọ́dọ̀ fi san ẹ̀san. Ẹni tó bá gbé igi ẹ̀gẹ́ tó ní kòkòrò láti oko rẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbafò ti pa àdúgbò kan lára, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fún un.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tún lè bèèrè bóyá kíkó agbọ́n láti ilẹ̀ mìíràn wá kì í ṣe títọwọ́ bọ iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ìbéèrè gidi ni. Ní 1935, ní Australia, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ ńláńlá kan wọlé kó lè máa jẹ kòkòrò inú oko ìrèké. Kò jẹ kòkòrò náà bí wọ́n ṣe rò, òun fúnra rẹ̀ ló wá di ìyọnu ilẹ̀ wọn títí di òní. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹ̀dá tó ń jẹ ohun gbogbo àti èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé ohun kan ló ń jẹ. Ànábì (SAW) ti jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ìwòsàn ti ẹ̀gẹ́ wà ní Paraguay, a ní láti wá a lọ ni, pẹ̀lú ìmọ̀ àti sùúrù. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ni. Kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe lọ kó kòkòrò kankan wọlé torí pé ó ka àpilẹ̀kọ yìí.

IBI TÍ EWU WÀ LÓNÌÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní 2016, kòkòrò kan tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ń jẹ ewé àti ọkàn àgbàdo, jáde ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti erékùṣù São Tomé. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí labalábá òru tó ń yé ẹyin rẹ̀ a máa fò jìnnà. Ẹni tó gbin àgbàdo lọ́nà Ọ̀fàdà mọ̀ ọ́n. Kòkòrò funfun ti ìbẹ́pẹ náà wà, èyí tí wọ́n rí ní Gánà ní 2009, tó sì ti wọ ilẹ̀ wa. Ẹ wo abẹ́ ewé ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé yín ní Mówè, bóyá ẹ ó bá a níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa agbọ́n ti ẹ̀gẹ́. Ní orí ilẹ̀ yanrìn tó ti ṣá, tí kò sí ohun tó bò ó, àwọn onímọ̀ rí i pé agbára agbọ́n kò ká kòkòrò náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí ebi ń pa kì í mú kòkòrò tó sanra jáde, agbọ́n tí kò sì rí kòkòrò tó tóbi kì í bí abo tó pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sun gbogbo koríko oko rẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ léra lórí ilẹ̀ kan náà títí tó fi ṣá, ó ń lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Kó fi koríko bo ilẹ̀.

A ní ẹ fi ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ sọ́kàn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé kòkòrò la òkun kọjá. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbìn, kó gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, tí ewé rẹ̀ kò ká, tí kò ní àmì funfun ní oríkèé. Kó gé orí rẹ̀ tó rọ̀ sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni igi náà ti wá, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ léèrè. FUNAAB, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, kò jìnnà sí wa.

Ọ̀rọ̀ kan ku fún àwọn tó ń lọ sí Hajj àti Umurah, àti fún àwa tí à ń retí wọn. Èso dàbínù dára, ẹ mú un wá fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fẹ́ràn láti hú ọmọ igi dàbínù, tàbí igi òdòdó kan, wá sílé fún ìbùkún. Kòkòrò pupa kan wà tó ń jẹ igi dàbínù láti inú títí tí igi yóò fi wó. Láti ilẹ̀ Asia ni òun náà ti wá, ní 1987 ni wọ́n rí i ní Saudi Arabia, ọmọ igi tí wọ́n ń hú láti oko kan sí òmíràn ló sì gbé e káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá. Kì í ṣe dàbínù nìkan ló ń jẹ. Ó ń jẹ igi àgbọn àti ọ̀pẹ. Ẹ ro ohun tí ọ̀pẹ jẹ́ fún wa láti Ìfọ̀ dé Abẹ́òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ NAQS, tí ìjọba àpapọ̀ fi sí pápákọ̀ òfurufú àti ẹnubodè láti máa yẹ ohun ọ̀gbìn wò, tí wọ́n bá dá báàgì yín dúró, ẹ má ṣe bá wọn jà, ẹ má sì ṣe fún wọn ní owó ẹ̀yìn kí wọ́n lè wo ibòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ mú irúgbìn wọlé, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kúrò nílé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÓKÒÓ Ẹ̀KA

Kí ẹ̀ka Mówè àti Ìbafò jíròrò èyí: nínú àpẹẹrẹ ìyá oníyan-gààrí tí a fi ṣàlàyé, tó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kòkòrò jẹ, èló ni yóò ṣẹ́ kù nínú èrè àpò mẹ́fà? Kí ẹ̀ka Ìfọ̀ bẹ àwọn ìyá méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe láfún wò, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń rí igi ẹ̀gẹ́ gbìn àti ohun tí wọ́n rántí nípa ẹ̀gẹ́ tó ń funfun lórí láyé ọjọ́un, kí akọ̀wé sì kọ èsì wọn sílẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀ka wá sọ èrò wọn lórí èyí: tí ẹnì kan bá mọ̀ pé igi ẹ̀gẹ́ òun ní kòkòrò, tó tà á fún ẹlòmíràn láìsọ fún un, kí ni ìdájọ́ òwò náà nínú ẹ̀sìn wa, ta ni yóò sì san gbèsè oko aládùúgbò tí kòkòrò náà tàn dé?